Báàsì hóòmù tíátà yín ò dún dáadáa? Ẹ wọ mẹ́nù rìsífà kẹ́ ẹ tó lọ ra wúfà tuntun

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní hóòmù tíátà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, báàsì tí wọ́n fowó wọn rà kọ́ ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ máa rí ẹni tó ra rìsífà tòkunbọ̀ tó dáa, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún gbogbo sípíkà, ó ra sípíkà márùn-ún, ó ra wúfà oníìnṣì 10, ìyẹn sípíkà ńlá tó wà fún báàsì nìkan, ó to gbogbo ẹ̀ sí pálọ̀, ó wá tan fíìmù ogun, ìbọn ń dún kàà kàà kàà ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó lù ú láyà. Á mú rìmóòtù, á tẹ báàsì lọ sókè títí dé òpin, kàkà kéwé àgbọn dẹ̀ ńṣe ló ń le koko sí i, ohùn á wá máa dún wùùù-wùùù, ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn inú fíìmù ń sọ ò ní yéni mọ́, aládùúgbò á sì ti máa kanlẹ̀kùn. Ibẹ̀ lá ti sọ pé wúfà yìí ò dáa, òun ń lọ ra oníìnṣì 15.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì náwó. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí nǹkan kan tó ṣe wúfà yẹn, rìsífà náà ò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, inú mẹ́nù tí wọ́n kọ Speaker Setup sí ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ò sì ṣí rí látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e délé. Báàsì máa ń dáa tí gbogbo sípíkà bá gbé ìwọ̀n tí agbára wọn ká, tí wọ́n bá fi èyí tó wúwo jù sílẹ̀ fún wúfà. Ẹ wo àwọn onídùndún wa, kò sẹ́ni tó máa gbé gúdúgúdú dání kó ní kó máa sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, kálukú ló ní iṣẹ́ tiẹ̀, tí gbogbo ẹ̀ sì pa pọ̀ di orin. Bí rìsífà ṣe máa pín iṣẹ́ fún àwọn sípíkà yín náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un.

Wáyà ni ká kọ́kọ́ wò. Ojú pupa lẹ́yìn rìsífà gbọ́dọ̀ lọ sí ojú pupa lẹ́yìn sípíkà, dúdú sí dúdú, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn láìku ẹyọ kan. Tí ti ọ̀tún bá wà bó ṣe yẹ tí wọ́n wá gbé ti òsì sódì, nígbà tí kóònù ọ̀tún, ìyẹn awọ tó ń mì níwájú sípíkà, bá ń ti afẹ́fẹ́ jáde, ti òsì á máa fà á wọlé, báàsì àwọn méjèèjì á máa pa ara wọn rẹ́, ohùn òkè nìkan lẹ máa gbọ́. Ó wọ́pọ̀ gan-an torí pé ọ̀pọ̀ wáyà tí wọ́n ń tà lọ́jà, àwọ̀ kan náà ni ojú méjèèjì, ìlà tín-ín-rín kan tàbí lẹ́tà wínníwínní ló máa wà lára ọ̀kan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí i kẹ́ ẹ fojú wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin wáyà. Ẹ tún rí i pé ọwọ́ wáyà kan ò yọ jáde lára ojú tí wọ́n dè é mọ́ débi tó máa fi kan ìkejì, ìyẹn lè ba rìsífà jẹ́.

Wúfà tó ní áńpù nínú, tó ń jẹ iná lọ́tọ̀, wáyà RCA kan ṣoṣo ló nílò, láti ojú tí wọ́n kọ SUBWOOFER PRE OUT tàbí SUB OUT sí lẹ́yìn rìsífà lọ sí ojú LFE lẹ́yìn wúfà. Tí ò bá ní LFE, LINE IN ti òsì náà máa ṣiṣẹ́. Nọ́bù bíi méjì tàbí mẹ́ta ló máa wà lẹ́yìn wúfà yẹn. Èyí tí wọ́n kọ Volume tàbí Gain sí, ẹ gbé e sí àárín, ẹ má tíì yí i kọjá ibẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Crossover tàbí Low Pass sí, ẹ yí i lọ sókè pátápátá títí á fi dúró, torí pé rìsífà ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn, ìyẹn gígé báàsì kúrò lára ohùn tó kù. Hz ni wọ́n fi ń ka bí ohùn ṣe lọ sísàlẹ̀ tó, bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe lọ sísàlẹ̀ tó. Tí ẹ bá jẹ́ kí rìsífà gé báàsì ní 80 Hz kí wúfà náà tún gé e ní 60, ihò máa wà láàárín níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbé ohùn, ibẹ̀ sì ni ìlù tó ń lu àyà wà. Tí ó bá ní bọ́tìnnì Auto àti On, ẹ fi sí On títí a fi máa ṣe é tán, Auto máa ń sùn lọ tí ohùn bá lọ sílẹ̀.

Ó wá kan Small àti Large, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí. Ẹ tẹ Setup lórí rìmóòtù, ẹ wá Speakers, ẹ wọ Manual Setup, ẹ máa rí Speaker Config tàbí Configuration, orúkọ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti rìsífà sí rìsífà. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé Subwoofer wà ní Yes, torí tó bá wà ní No tàbí None, rìsífà á gbà pé ẹ ò ní wúfà, á sì ti sípíkà iwájú sí Large fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo Front, Center, Surround. Small àti Large tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ ò ní í ṣe pẹ̀lú bí sípíkà ṣe tóbi tó. Large ń sọ fún rìsífà pé kó da gbogbo báàsì pátá lé sípíkà yẹn lórí títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Small ń sọ fún un pé kó gé báàsì kúrò lára sípíkà yẹn kó gbé e fún wúfà. Ẹni tó ní sípíkà gígùn tó ga dé àyà máa ń rò pé àbùkù ni kóun yan Small, mo bẹ̀ yín, kì í ṣe àbùkù rárá, ẹ fi gbogbo wọn sí Small, iwájú, àárín, ẹ̀yìn.

Ìdí nìyí. Kí kóònù sípíkà tó lè gbé ohùn 40 Hz jáde kó sì dún sókè tó 80 Hz, ó gbọ́dọ̀ rìn síwá-sẹ́yìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Sípíkà oníìnṣì 4 tàbí 5 ò ní ibi tó máa rìn dé. Tẹ́ ẹ bá fipá mú un, ohùn á fọ́, kóònù á máa lù tátátá, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré tó wà lára sípíkà kan náà á sì dàrú mọ́ ọn. Áńpù inú rìsífà náà ń jìyà níbẹ̀ torí báàsì ló ń mu agbára jù. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e kúrò lọ́rùn ẹ̀, ẹ ó rí i pé ohùn tó ń sọ̀rọ̀ pàápàá á mọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì fọwọ́ kan nǹkan míì.

Ohun míì tún wà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì kan àwa gan-an nítorí ohun tí à ń wò. Fíìmù òyìnbó ńlá tó ní 5.1, ìyẹn ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún sípíkà márùn-ún, tún ní ojú ọ̀nà kan lọ́tọ̀ tó jẹ́ ti wúfà nìkan, òun ni wọ́n ń pè ní LFE, òun ni .1 yẹn. Ṣùgbọ́n fíìmù Yorùbá tá à ń wò, orin fújì àti orin ìyìn tá a kó sínú flash, fídíò tá a wà jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ohùn méjì péré ló ní, ọ̀tún àti òsì, kò sí LFE nínú ẹ̀. Tí sípíkà iwájú bá wà ní Large, rìsífà á gbé gbogbo báàsì orin yẹn fún sípíkà iwájú, á wo wúfà, á rí i pé kò sí LFE, kò ní fún un ní nǹkan kan. Wúfà á jókòó síbẹ̀ láìdún. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ kẹ́nìkan sọ pé "wúfà mi máa ń dún tí mo bá ń wo fíìmù Amẹ́ríkà, tí mo bá ti fi fújì sí i kì í dún mọ́". Kò sí àfọ̀ṣẹ níbẹ̀, ẹ gbé e sí Small, ẹ pe fújì yẹn padà.

Tẹ́ ẹ bá ti yan Small, rìsífà máa bi yín pé níbo ni kóun ti gé e, ìyẹn ni Crossover. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ni 80 Hz. Àwọn THX, tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ohùn fíìmù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Lucasfilm ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983, 80 ni wọ́n fọwọ́ sí, ìdí tó sì fi dáa ni pé láti bí 80 lọ sísàlẹ̀, etí ọmọ èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ohùn ti ń wá, wúfà lè wà ní kọ̀rọ̀ kó dà bíi pé iwájú yín ni báàsì wà. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí 150 tàbí 200, ohùn ọkùnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú wúfà, torí ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi 85 lọ sókè, ẹ ó máa gbọ́ tí pásítọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ń wàásù láti kọ̀rọ̀ lẹ́yìn àga.

Ṣùgbọ́n ẹ má kan gbé 80 fún gbogbo wọn láìwò. Ẹ yí sípíkà yín padà tàbí kẹ́ ẹ wo ìwé tó bá a wá, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Frequency Response, tí wọ́n bá kọ 65Hz–20kHz, ibi 65 yẹn lagbára ẹ̀ ti ń tán, ẹ gé e ní bíi 10 tàbí 20 sókè ibẹ̀, ìyẹn 80. Sípíkà wínníwínní tí kò ju ọwọ́ lọ máa fẹ́ 120, òmíì tiẹ̀ máa fẹ́ 150, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i, ẹ ṣáà gbé wúfà sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n kó má baà hàn pé ibòmíràn lohùn ti ń wá. Àwọn gígùn tó ní wúfà nínú fúnra wọn lè lo 60. Rìsífà àtijọ́ míì ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ yan nọ́ńbà fún ìkọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan ló máa fún gbogbo wọn, ẹ lo nọ́ńbà tó bá sípíkà tó kéré jù lára wọn mu.

Nínú mẹ́nù yẹn kan náà ẹ máa rí Subwoofer Mode lára Denon, wọ́n á ní kẹ́ ẹ yan LFE tàbí LFE+Main. Yamaha ń pè é ní Extra Bass, Onkyo ní Double Bass, Pioneer ń kọ PLUS. Orúkọ wọ̀nyí máa ń wu èèyàn, ta ni ò fẹ́ extra? Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń gbé báàsì kan náà fún sípíkà iwájú tó wà ní Large àti fún wúfà pa pọ̀, àwọn méjèèjì á wá máa jà nínú pálọ̀, níbì kan báàsì á pọ̀ jù níbòmíràn á pòórá. Ẹ pa á, ẹ lo LFE. LPF for LFE, ẹ fi sí 120 Hz, ibi tí ojú ọ̀nà LFE fúnra ẹ̀ parí sí nìyẹn. LFE Level, ẹ fi sí 0 dB, dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe dún sókè tó. Ẹlòmíì ti gbé e sí -10 láìmọ̀, ó sì ń bú wúfà.

Ó yá, ká wá wo bí ohùn ṣe máa dọ́gba. Ẹ wá Levels tàbí Channel Level, ẹ tẹ Test Tone, rìsífà á máa dún ṣàà láti sípíkà kan sí ìkejì. Ẹ wa áàpù tó ń wọn ohùn sórí fóònù yín, SPL meter ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ló pọ̀ jù. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó, ẹ gbé fóònù sí déédéé etí, ẹ yí ìkọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn á fi kà 75 dB. Tó bá kan wúfà, ẹ rántí pé máìkì fóònù kì í gbọ́ báàsì dáadáa, á kà á ní kékeré ju bó ṣe jẹ́ lọ, ẹ fi wúfà sí ibi tó máa kà bíi 72 sí 75, ẹ ó fi etí parí ẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ wo nọ́ńbà wúfà lórí síkíríìnì nígbà tẹ́ ẹ bá ṣe tán. Tó bá ti lọ sí -10 tàbí -12, nọ́bù ẹ̀yìn wúfà ti ga jù, ẹ yí i wálẹ̀. Tó bá wà ní +8 tàbí +10, nọ́bù yẹn ti kéré jù. Èmi fẹ́ràn kó wà láàárín -5 sí 0. Ó kù sọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi 3 dB kún báàsì lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ wa la fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dọ́gba.

Distance: ẹ fi tépù wọn ọ̀nà tó wà láti etí yín sí sípíkà kọ̀ọ̀kan, wúfà náà, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sí i. Ohùn ń rin bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wúfà bá fi mítà kan jìnnà sí yín ju sípíkà iwájú lọ, báàsì ẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, rìsífà á wá dá àwọn tó kù dúró dè é kí gbogbo wọn jọ dé etí yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣọ́ra bóyá feet ló ń lò àbí metres.

Phase lẹ́yìn wúfà, 0 àti 180, òun ló ń sọ bóyá kóònù wúfà á máa ti síta lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ti sípíkà àbí lódì sí i. Ẹ wá ohùn 80 Hz sórí fóònù yín tàbí orin tó ní gìtá báàsì tó ń rìn láìdúró, ẹ jẹ́ kó máa dún látinú rìsífà, ẹ jókòó sáàyè yín, ẹ ní kí ọmọ yín tàbí àbúrò yín lọ sẹ́yìn wúfà kó máa yí i sí 0, sí 180, sí 0, kẹ́ ẹ di ojú. Èyí tí báàsì bá ti kún jù níbi tẹ́ ẹ jókòó sí lẹ máa mú. Tẹ́ ò bá gbọ́ ìyàtọ̀, ẹ fi sí 0. Ẹni tó jókòó nìkan ló lè mọ̀ ọ́n, ẹni tó wà lẹ́yìn wúfà ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ má gbà fún ọmọ tó bá ní "ibí yìí ló dáa".

Tí rìsífà yín bá ní máìkì kékeré tó bá a wá nínú páálí, iṣẹ́ ti yá díẹ̀, rìsífà á fi máìkì yẹn wọn ohùn inú yàrá, á sì ṣe sẹ́tìnnì fúnra ẹ̀. Denon àti Marantz ń lo Audyssey, Yamaha ní YPAO, Pioneer ní MCACC, Onkyo ní AccuEQ. Tòkunbọ̀ kì í sábà ní máìkì yìí mọ́, máìkì rìsífà mìíràn kì í sì bára mu, torí náà iṣẹ́ ọwọ́ tá a ṣàlàyé lókè ṣì wúlò. Tẹ́ ẹ bá ní i, ẹ gbé e sórí nǹkan tó ga dé etí ẹni tó jókòó, ẹ má fọwọ́ mú un, ẹ má gbé e lé orí àga ní ìsàlẹ̀ torí ẹ̀yìn àga máa ń ti ohùn padà. Ẹ pa fáànù. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ti aládùúgbò náà tẹ́ ẹ bá lè dúró kó pa á, torí ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ ní ìsàlẹ̀ níbi tí báàsì wà gan-an, rìsífà á rò pé ara báàsì ni. Tẹ́ ẹ bá ń gbé Under G láàárín àwọn ọmọ LAUTECH tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró di ìgbà tí iná bá dé.

Tó bá ti parí, ẹ padà wọ mẹ́nù lọ wo ohun tó ṣe. Ó máa ń dá sípíkà iwájú padà sí Large tó bá gbọ́ báàsì díẹ̀ lára wọn. Ẹ dá a padà sí Small, ẹ fi 80 sí i. Kò ní ba ìyókù iṣẹ́ tó ṣe jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí báàsì ò tíì dáa, pálọ̀ yín ló kàn. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ ìlú yìí, láti Takie títí dé Apake, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ni wọ́n, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ògiri bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí báàsì jáde, ńṣe ló máa ń lọ kan ògiri tí á sì padà. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn bíi mítà 3.66, ohùn tó máa ń há síbẹ̀ jù ni bíi 47 Hz. Nítorí pé ìbú àti òró ẹ̀ dọ́gba, lẹ́ẹ̀mejì ló ṣẹlẹ̀ lórí nọ́ńbà kan náà, ìdí nìyẹn tí yàrá onígun mẹ́rin tó dọ́gba fi le jù láti tún báàsì ṣe nínú ẹ̀. Ohun tí 47 yẹn ń ṣe nìyí: lẹ́bàá ògiri á pọ̀ rẹpẹtẹ, ní àárín gbùngbùn yàrá á pòórá. Ẹ dán an wò nísinsìnyí, ẹ fi ohùn 47 Hz sí i láti fóònù, ẹ dìde, ẹ rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ògiri kan sí ìkejì, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń kú tẹ́ ẹ bá dé àárín, tó tún ń jí bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀ gìtá báàsì, okùn tó nípọn jù lọ lára ẹ̀ wà ní bíi 41 Hz, orin ń kọjá lórí 47 yẹn nígbà gbogbo.

Ẹni tó bá wá gbé àga sí àárín yàrá gan-an, kò sí sẹ́tìnnì tó lè gbà á. Tẹ́ ẹ bá gbé báàsì sókè lórí rìsífà, èyí tẹ́ ẹ fi kún un náà á máa pa ara ẹ̀ rẹ́ síbẹ̀, áńpù wúfà nìkan ló máa rẹ̀. Ẹ sún àga sẹ́yìn díẹ̀ tàbí síwájú, ẹsẹ̀ bàtà méjì lè yí gbogbo nǹkan padà, ẹ má kàn jẹ́ kó fara ti ògiri pátápátá torí ibẹ̀ ló ti ń dún wùùù.

Tí àga ò bá ṣeé sún, wúfà ni kẹ́ ẹ sún. Ọ̀nà tó dájú nìyí, ó sì dáa ju kẹ́ ẹ máa méfò lọ: ẹ gbé wúfà fúnra ẹ̀ sórí àga tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, tàbí síwájú ẹ̀ nílẹ̀, ẹ fi orin tí báàsì ẹ̀ ń rìn sókè sódò sí i, ẹ wá kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ máa rá lọ yí ká ẹsẹ̀ ògiri pálọ̀, etí yín ní déédéé ibi tí wúfà lè wà. Ibi kan báàsì á dún wùùù, ibì kan á fẹ́lẹ́, ibì kan ẹ ó gbọ́ tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí èyí tó bo ìkejì. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé wúfà lọ. Kọ̀rọ̀ máa ń mú kó dún sókè jù lọ, ẹni tí wúfà ẹ̀ kéré lè nílò ẹ̀, ṣùgbọ́n sókè àti dáadáa ò rìn pọ̀ nígbà gbogbo. Tẹ́ ẹ bá ti gbé wúfà kúrò níbi tó wà, ẹ tún Distance, Phase àti Level ẹ̀ ṣe.

Ariwo kan tún wà tó máa ń fara jọ pé wúfà ti fọ́, ó jẹ́ nǹkan inú ilé. Gíláàsì lúfà, síílìnì PVC, irin ojú fèrèsé, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fi ohùn sí i láti 30 lọ sókè díẹ̀díẹ̀ dé 80, ẹ ní kẹ́nìkan máa fọwọ́ kan nǹkan kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá dákẹ́ tó fọwọ́ kàn án ni olè. Fóòmù pélébé díẹ̀ tàbí rọ́bà lábẹ́ ẹ̀ ti tó.

Àwọn bọ́tìnnì mélòó kan máa ń pa báàsì láìsọ fún yín. Pure Direct tàbí Direct: lára ọ̀pọ̀ rìsífà, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo pípín tá a ṣe yẹn ló máa gbé jù síbẹ̀, wúfà lè dákẹ́ pátápátá, ẹ lo Stereo tàbí Dolby Surround. Night Mode àti Dynamic Range Compression: wọ́n wà fún òru kẹ́ ẹ má baà jí ọmọ, ẹ pa wọ́n ní ọ̀sán. Lórí tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ wá Audio Output, tó bá wà ní PCM ẹ yí i sí Bitstream tàbí Auto, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fíìmù 5.1 lè di ohùn méjì kó tó dé rìsífà, LFE ẹ̀ á sì ṣòfò. Dynamic EQ tàbí Loudness yàtọ̀ sí wọn, wọ́n ń fi báàsì kún un tẹ́ ẹ bá gbé fọ́líùmù wálẹ̀ torí etí wa kì í gbọ́ báàsì dáadáa tí ohùn bá lọ sílẹ̀, ẹ tàn án tẹ́ ẹ bá máa ń wò ó jẹ́jẹ́.

Iná. Báàsì ló ń mu iná jù lára gbogbo ohun tí rìsífà ń ṣe. Tí iná NEPA bá lọ sílẹ̀, áńpù ò ní ní agbára, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kó tó dé ibi tó máa ń dé. Ẹ wo gílóòbù pálọ̀ tàbí iná ojú rìsífà, tó bá ń ṣẹ́jú nígbàkigbà tí báàsì bá lù, iná ò tó, ẹ gbé fọ́líùmù wálẹ̀. Rìsífà tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, iná fóólítì 120 ni wọ́n ń lò, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọ iná, ẹ sì ra tiransífọ́mà tó tóbi ju wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ lọ dáadáa, èyí tó kéré á máa gbóná, báàsì á sì máa rọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní hóòmù tíátà alápapọ̀, èyí tí DVD, sípíkà àti wúfà wá nínú páálí kan, mẹ́nù yín ò ní ní Small tàbí Crossover, wọ́n ti ṣe é láti ilé-iṣẹ́. Ẹ lo Level wúfà, Distance tó bá wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi gbogbo agbára yín sí ibi tí wúfà àti àga máa wà. Ìyẹn nìkan máa ṣe iṣẹ́ ńlá.

Láti dán gbogbo ẹ̀ wò, ẹ fi orin jùjú tàbí fújì tẹ́ ẹ ti mọ̀ dénú sí i, ẹ gbé fọ́líùmù sí ibi tẹ́ ẹ máa ń fi sí, ẹ tẹ́tí sí gìtá báàsì. Ẹ gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ó sì dúró, kó má fà lọ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ́tí sí ìyáàlù, ọ̀rọ̀ tó ń sọ gbọ́dọ̀ hàn. Tí ohùn kan bá ń yọ sókè ju àwọn tó kù lọ, pálọ̀ ni, ẹ sún wúfà díẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá pọ̀ ju ohùn akọrin lọ, ẹ gbé Level wúfà wálẹ̀ ní 1 dB, ẹ tún gbọ́, 1 dB lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fo. Ẹ fi ọjọ́ bíi mélòó kan gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó tún yí i, etí tí wùùù ti mọ́ lára máa kọ́kọ́ sọ pé báàsì ti kéré.

Nígbà tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà sórí bébà, Small, Crossover, Level, Distance, ibi tí nọ́bù ẹ̀yìn wúfà dojú kọ, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò síkíríìnì kọ̀ọ̀kan, torí rìsífà àtijọ́ míì máa ń gbàgbé gbogbo ẹ̀ tí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, á sì padà sí Large.